Síǹkì ilé ìdáná yín kì í tètè fa omi mọ́? Ohun tó sábà ń fà á, àti bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ibi tó ti dí

Ọjọ́ Sátidé ni. Ìkòkò ọbẹ̀, abọ́ ẹ̀bà, ife tíì àti ṣíbí kún inú síǹkì. Ẹni tó fẹ́ fọ abọ́ ṣí ẹ̀rọ omi, omi ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó pọ́n nítorí epo, ìyókù ìrẹsì sì ń léfòó lórí rẹ̀. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 15, ó rọra fà lọ, ó fi ọ̀rá sílẹ̀ yí ara síǹkì ká.

Ọ̀pọ̀ ilé ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, láti Ìbàdàn dé Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra kọ́sítíìkì sódà lọ́jà, wọ́n á dà á síhò síǹkì, wọ́n á wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. Nígbà míì, ó máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà míì, ọwọ́ á jó, owó á lọ, omi ò sì ní lọ. Ìdí ni pé kì í ṣe ohun kan náà ló ń dí síǹkì gbogbo ilé, kì í sì í ṣe ibì kan náà ló ti ń dí.

Ibo ni omi síǹkì ń gbà lọ?

Kéèyàn tó mọ ohun tó dí ọ̀nà, ó yẹ kó mọ ọ̀nà náà. Lójú ihò síǹkì, asẹ́ kékeré kan wà tó yẹ kó dá oúnjẹ dúró. Lábẹ́ rẹ̀ ni nǹkan roboto kan wà tó dà bí ife tàbí ìgò kékeré. Òun làwọn púlọ́mbà ń pè ní tírápù. Nínú ilé míì, kì í rí bí ìgò. Páìpù tó ká kọ́rọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ ni.

Iṣẹ́ tírápù ni pé kó mú omi díẹ̀ dúró nínú ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yẹn ló ń dènà òórùn, aáyán àti kòkòrò tó fẹ́ gba inú páìpù gòkè wá sínú ilé ìdáná. Torí náà, kì í ṣe àléébù pé omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé omi ń dúró níbẹ̀, ohun tó bá wúwo máa ń rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Láti ibi tírápù, páìpù á wọ inú ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀, á sì jáde síta. Páìpù ínṣì 1½ tàbí ínṣì 2 ni wọ́n sábà ń lò. Níta, omi lè bọ́ sínú máńhòólù, ìyẹn kòtò kékeré onídèérí, kó tó lọ sínú sókàwéè. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá àwọn ilé àtijọ́, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé ni páìpù náà ń já sí tààrà. Níbikíbi lójú ọ̀nà yìí ni omi ti lè rí ìdíwọ́.

Epo àti ọ̀rá ló ṣáájú

Nínú gbogbo ohun tó ń dí síǹkì, epo àti ọ̀rá ni ọ̀gá wọn. Bí epo pupa bá wà lórí iná, á máa ṣàn bí omi. Bó bá tutù, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ó máa ń dì. Ẹni tó bá ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì mọ èyí dáadáa. Bó ṣe ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì náà ló ṣe ń dì nínú páìpù. Òróró ẹ̀pà kì í sábà dì bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rá màlúù àti ọ̀rá àgbò le ju epo pupa lọ. Ìdí nìyẹn tí síǹkì fi máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì, tí gbogbo ilé bá ti ń fọ ìkòkò ẹran láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé omi gbígbóná làwọn fi ń fọ ìkòkò, nítorí náà ọ̀rá ò lè dúró. Òótọ́ ni pé omi gbígbóná àti ọṣẹ máa ń yọ́ ọ̀rá kúrò lára ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó yọ́ yẹn kò tíì kúrò nínú ilé. Bó bá ti rìn díẹ̀ nínú páìpù tó tutù lábẹ́ ilẹ̀, á tún dì, níbi tí ọwọ́ kò lè dé mọ́. Ìpele àkọ́kọ́ á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, èyí tó bá tẹ̀ lé e á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tó bá yá, páìpù tó gba ọmọ odó tẹ́lẹ̀ á di èyí tí ìka kan ṣoṣo kò lè kọjá nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà omi ìdọ̀tí nílùú London rí òkìtì ọ̀rá kan lábẹ́ títì ní Whitechapel. Ó gùn tó mítà 250, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Ọ̀rá ilé ìdáná, bébà ìnura olómi àti aṣọ ìdọ̀tí ọmọdé ló pa pọ̀ di òkúta síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń gé e jáde. Nígbà tó di ọdún 2018, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú London gbé díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ káwọn èèyàn máa wò ó. Ohun tó ṣe òpópónà London yẹn ló ń ṣe páìpù ínṣì 2 nínú ilé, àfi pé ti ilé kéré.

Ọṣẹ náà lọ́wọ́ sí i. Nílé tí wọ́n ti ń lo omi kànga tàbí omi bọ́rọ̀hòólù tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ọṣẹ máa ń dì mọ́ ohun tó wà nínú omi náà, á di nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ara síǹkì. Nǹkan kan náà á máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù, á sì máa bá ọ̀rá ṣọ̀rẹ́.

Oúnjẹ tó ń wú, oúnjẹ tó ń fà

Ẹni tó bá ti mu gààrí rí mọ bó ṣe máa ń wú bí omi bá pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ìyókù gààrí tàbí ẹ̀bà bá wọ tírápù, bó ṣe máa wú níbẹ̀ náà nìyẹn. Ìrẹsì àti sùpágẹ́tì náà ń wú. Àmàlà ní tirẹ̀ máa ń yọ́, á wá lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ìdí ògì tí wọ́n dà nù máa ń rọra tòrò sí ìsàlẹ̀ páìpù bó ṣe ń tòrò sí ìsàlẹ̀ ike.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí ni èèpo ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n bá ń bó ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà, èèpo náà fúyẹ́, ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ, ojú asẹ́ tó bá là kò lè dá a dúró. Bó bá dénú páìpù, á fẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá tó ti wà níbẹ̀ bí ewé tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìpẹ́ ẹja náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán kànìnkànìn, yálà ti ìbílẹ̀ tàbí ti onírin, máa ń kọ́ mọ́ ẹnu ẹ́líbò, ìyẹn ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́rọ̀, á sì máa mú gbogbo ohun tó bá ń kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ páìpù tó bá dí pa, ohun tó máa ń jáde kì í ṣe nǹkan kan péré: ọ̀rá ló lẹ̀ ẹ́, fọ́nrán ló so ó, oúnjẹ ló kún un.

Yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì

Ẹ̀fọ́ tó ti oko dé máa ń ní yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ewé. Iṣu náà ń bẹ pẹ̀lú erùpẹ̀ lára èèpo rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń fi igi tàbí èédú dáná, eérú àti ìdúdú ìdí ìkòkò tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí wúwo ju omi lọ. Wọn kì í yọ́, omi gbígbóná kò sì lè mú wọn kúrò. Kọ́sítíìkì sódà ò lè ṣe yẹ̀pẹ̀ ní nǹkan kan.

Ilé tuntun ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ míì máa ń fi páìpù sílẹ̀ láìdí ẹnu rẹ̀, sìmẹ́ńtì á bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń lẹ táìsì á fọ ọwọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní síǹkì, ẹni tó ń kun ọ̀dà á fọ búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Nígbà tí ayálégbé bá kó wọlé, síǹkì tuntun tó ń dán gbinrin kò ní fa omi dáadáa láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ohun tí ayálégbé jẹ tó fa ìyẹn. Bí sìmẹ́ńtì bá ti gan nínú páìpù, àfi kí wọ́n gé ibẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bí omi bá kéré jù

Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Nílé tí kò ti sí iná láti fa omi, tí wọ́n ń pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń ṣọ́ omi lò. Wọ́n á fi omi kékeré fọ abọ́ púpọ̀, wọ́n á sì da omi tó ki náà sí síǹkì lẹ́ẹ̀kan. Omi díẹ̀ kò lágbára láti ti ẹrù náà dé òpin ọ̀nà. Á sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín páìpù, á sì kọjá lọ ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń fọ abọ́, ó sàn kẹ́ ẹ sẹ́ omi ìfọbọ́ náà kẹ́ ẹ tó dà á, kẹ́ ẹ sì da omi mímọ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ kẹ́yìn dára fún èyí, kò pọn dandan kó jẹ́ omi tuntun.

Páìpù tí wọn ò tò dáadáa

Síǹkì míì wà tí wọ́n ń tún ṣe lóṣooṣù, tí ẹni tó ń lò ó kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ọwọ́ ẹni tó to páìpù ni wàhálà ti wá.

Àkọ́kọ́ ni pé páìpù gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀. Bó bá gùn ní mítà 1, ó yẹ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi á máa rá pálá, ẹrù rẹ̀ á sì máa jókòó sílẹ̀. Bí páìpù bá sì tẹ̀ ní àárín nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rì, ikùn kan á wà níbẹ̀ tí omi ìdọ̀tí á máa dúró sí títí láé.

Èkejì ni ẹ́líbò tó pọ̀ jù. Ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ ni ẹrù ti máa ń kọ́kọ́ dúró. Ẹ̀kẹta ni páìpù rọ́bà tó ṣeé ká, tó ní ìlà-ìlà bí ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ síǹkì. Ó rọrùn láti so, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ibùgbé fún ọ̀rá. Páìpù tí inú rẹ̀ dán ló dára jù.

Ẹ̀kẹrin ni atẹ́gùn. Kí omi tó lè ṣàn geerege, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ lè wọlé tẹ̀ lé e. Ẹ wo bí omi ṣe máa ń jáde nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lójijì: gùlù-gùlù, á dúró díẹ̀, á tún tú. Bí síǹkì yín bá ń dún bẹ́ẹ̀ tó sì ń fà díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí páìpù tó ń gba atẹ́gùn sí i, tàbí pé nǹkan ti dí ẹnu páìpù náà lókè òrùlé. Ewé àti ìtẹ́ ẹyẹ wà lára ohun tó máa ń dí i.

Nígbà tí wàhálà wà níta

Bó bá jẹ́ gọ́tà ni páìpù ń já sí, ẹ lọ wo ẹnu rẹ̀. Gọ́tà tí yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá pọ́ńbélé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀rá píọ́wọ́tà, bá ti kún inú rẹ̀ á bo ẹnu páìpù mọ́lẹ̀. Omi ò ní ríbi jáde sí, bí wọ́n bá tiẹ̀ tún inú ilé ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Sókàwéè náà ń kún. Ihò ni, tí wọ́n gbẹ́ kí omi lè máa rọra wọ inú ilẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti bo ara ògiri rẹ̀, ilẹ̀ kò ní lè mu omi mọ́. Ládùúgbò tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti súnmọ́ òkè, bíi Lẹ́kí, Àjàh àtàwọn etí ọ̀sà míì l'Ékòó, ó máa ń burú sí i nígbà òjò. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó, kò sí àyè fún ti síǹkì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìkan. Bí sókàwéè bá kún, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè padà gba inú síǹkì tí wọ́n fi ń fọ abọ́ wá, tàbí kó ṣàn lọ sínú kànga. Ibẹ̀ ni onígbáméjì àti àrùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń ráyè wọlé. Mítà 30 ni àlàfo tí wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn láàárín kànga àti sókàwéè. Nílé tí wọ́n bá ti súnmọ́ ara wọn jùyẹn lọ, síǹkì tó ń fà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òórùn ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi dọ̀la.

Báwo lẹ ṣe lè mọ ibi tó ti dí?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìdánwò mẹ́rin yìí kò gba owó:

1. Ẹ da omi sí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí àwọn náà kò bá fà dáadáa, ìta ni wàhálà wà: máńhòólù, páìpù ńlá tàbí sókàwéè. Bó bá jẹ́ síǹkì nìkan, ẹ máa bá ìdánwò lọ.

2. Ẹ yọ asẹ́ ojú ihò síǹkì, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Bí omi bá ṣàn lọ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ti parí.

3. Ẹ jẹ́ kí síǹkì gbẹ, kẹ́ ẹ wá da omi sí i pẹ̀lú ike tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ife kìíní ló ti dúró, tòsí ló ti dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tírápù. Bó bá kọ́kọ́ gba omi kó tó dúró, ibi tó jìnnà ló ti dí. Páìpù ínṣì 2 máa ń gba bíi lítà omi 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Torí náà, bí lítà 4 bá wọlé kí omi tó gòkè padà, ìdíwọ́ náà á wà ní nǹkan bíi mítà 2 sí síǹkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìṣirò tó péye, ṣùgbọ́n ó máa jẹ́ kí púlọ́mbà mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

4. Kí ẹnì kan da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí síǹkì, kí ẹlòmíì dúró síta lẹ́nu páìpù tàbí kó ṣí máńhòólù wò. Bí máńhòólù bá kún dẹ́nu, sókàwéè tàbí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni. Bó bá gbẹ, inú ilé ni.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fúnra yín

Bó bá jẹ́ ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ, ẹ da omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ olómi sí i, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí omi náà gbóná, ṣùgbọ́n kó má hó. Omi tó ń hó lè mú kí páìpù oníke rọ̀, kó tẹ̀, kí ojúkò rẹ̀ sì máa jò.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ lo rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń fa ihò síǹkì. Ẹ jẹ́ kí omi bo ẹnu rọ́bà náà. Bí síǹkì bá ní ojú méjì, ẹ fi aṣọ tútù dí ojú kejì pinpin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ á gbà jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fà á sókè, ní bíi ìgbà 15.

Bó bá jẹ́ tírápù ló dí, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí i sí apá òsì títí á fi tú. Ẹ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo rọ́bà wọ́ṣà rẹ̀ bóyá ó ti já. Ẹ tún un dé, kẹ́ ẹ da omi, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ gbígbẹ kàn án wò bóyá ó ń jò. Ìkìlọ̀ kékeré kan: ẹ má da omi tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sínú síǹkì tí tírápù rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó ti sẹ̀lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, orí ẹsẹ̀ wọn ni gbogbo rẹ̀ dà sí.

Bó bá jẹ́ inú ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ púlọ́mbà ni. Wọ́n ní waya gígùn tó ń yí, tí wọ́n ń tì wọ inú páìpù láti fi tú ohun tó dí i. Àpòpọ̀ fínígà àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, tí àwọn kan ń fi hàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń hó, ó máa ń dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn ni.

Kọ́sítíìkì sódà: ẹ ṣọ́ra gidi

Kọ́sítíìkì sódà lè sọ ọ̀rá di ọṣẹ. Òun náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jẹ ọ̀rá náà ló ń jẹ ara èèyàn. Bó bá pàdé omi, ó máa ń gbóná lójijì, ó sì lè ta sókè sí ojú ẹni tó dà á. Bí páìpù bá ti dí pa, kò ní lọ síbi kankan. Á dúró nínú síǹkì, púlọ́mbà tó bá wá ṣí tírápù láìmọ̀ ni á fi ọwọ́ gbà á.

Bẹ́ ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi awò bo ojú, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé jáde. Inú omi tútù ni kẹ́ ẹ da sódà sí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì, bílíìṣì tàbí oògùn ìfọlé míì. Bílíìṣì tó bá pàdé ásíìdì máa ń tú èéfín olóró jáde. Bẹ́ ẹ bá ti dà á, tí kò ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún púlọ́mbà kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọdé. Àwọn èèyàn máa ń tọ́jú omi sódà sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ á rò pé omi ni, á gbé e mu. Ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ débi tí kò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ọmọ náà ní epo pupa mu. Ẹ má sì jẹ́ kó bì, nítorí pé bó bá ń padà bọ̀, á tún jó ọ̀fun náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ike náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bó bá ta sí ojú tàbí ara, ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ tó máa lọ sílé ìwòsàn.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Ìjà onílé àti ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀ lórí síǹkì rí. Onílé á ní ẹ̀bà ayálégbé ló dí i; ayálégbé á ní páìpù ilé ló ti gbó. Ohun tí ìdánwò òkè yẹn bá fi hàn lè parí ìjà náà. Bó bá jẹ́ asẹ́ tàbí tírápù ló dí nítorí oúnjẹ, ẹni tó ń lo síǹkì ló yẹ kó tún un ṣe. Bó bá jẹ́ sókàwéè, máńhòólù tàbí páìpù tí gbogbo ilé jọ ń lò, ọ̀rọ̀ onílé ni. Òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní onílé ló ni àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, àyàfi bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ nǹkan míì. Torí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kẹ́ ẹ tó gbóhùn sókè. Bẹ́ ẹ bá ń kó wọlé tuntun, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí síǹkì kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì wò ó bó ṣe ń lọ.

Kó má baà padà wá

Ẹ ha ìyókù oúnjẹ sínú ike ìdọ̀tí kẹ́ ẹ tó fọ abọ́. Ẹ fi bébà tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́ nu epo ìdí ìkòkò. Òróró tẹ́ ẹ bá ti fi din nǹkan tán, tẹ́ ẹ ò fẹ́ lò mọ́, ẹ dà á sínú agolo. Bó bá tutù, ẹ jù ú sínú ìdọ̀tí. Inú abọ́ ńlá ni kẹ́ ẹ ti bó ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ gba èèpo rẹ̀. Ẹ ṣan ẹ̀fọ́ níta kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Asẹ́ tó ní ojú wẹ́wẹ́ kò wọ́n lọ́jà, ẹ fi ọ̀kan sójú ihò síǹkì. Ẹ máa ṣí tírápù fọ̀ ní bíi oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kódà bí omi bá ń lọ dáadáa.

Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe gbogbo èyí, tí síǹkì náà tún dí láàárín oṣù kan, ẹ má ra sódà kankan mọ́. Páìpù náà ló yẹ kí wọ́n ṣí wò.